Ahoro Kì Í Sá Lọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ọkọ̀ ojú omi ńlá méjì gúnlẹ̀ sí èbúté Costa Maya, lẹ́bàá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Mahahual, ní ìpínlẹ̀ Quintana Roo lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Celebrity Equinox ni ọ̀kan ń jẹ́, èkejì ń jẹ́ Serenade of the Seas. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni méjèèjì. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọdún Kérésìmesì dé.

Lára àwọn èrò inú ọkọ̀ méjèèjì, àwọn kan ti sanwó láti lọ wo Chacchoben, ahoro ìlú àwọn Maya ayé àtijọ́. Àlọ àtàbọ̀ òòjọ́ ni. Bọ́ọ̀sì á gbé wọn láàárọ̀, amọ̀nà á bá wọn lọ, á máa ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá rí, wọn á sì padà kí ọkọ̀ ojú omi tó ṣí. Èèyàn 31 ló wà nínú bọ́ọ̀sì kan.

Bọ́ọ̀sì náà kò dé Chacchoben. Èèyàn 12 ló kú lójú ọ̀nà: ará Amẹ́ríkà 8, ará Sweden 2, ará Kánádà 1, àti amọ̀nà wọn tó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò. Ọmọdé wà nínú àwọn tó kú. Àwọn tó fara pa, ilé ìwòsàn ni wọ́n sáré gbé wọn lọ.

Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn tí mo ń sọ yìí kì í ṣe oníwàdùwàdù. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n yọ́ wọ inú igbó tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀, tàbí wọ́n bá ọlọ́kadà tí wọn ò mọ̀ rí lọ, ìwọ náà á mi orí, wàá ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn ọ́. Ọ̀nà ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n gbà. Ẹni tó bá mọ ìrìn àjò ọkọ̀ ìgbafẹ́ mọ̀ pé bí o bá dá jáde lọ fúnra rẹ, tí o sì pẹ́, ọkọ̀ á ṣí, á fi ọ́ sílẹ̀ sí èbúté. Ṣùgbọ́n bí o bá bá ètò tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tà fún ọ lọ, wọn á dúró dè ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń san owó tó wọ́n díẹ̀ náà. Àwọn wọ̀nyí san án. Wọ́n ṣe ohun tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbi tí wọ́n ń lọ fún ọ. Àwọn èèyàn ti ń gbé Chacchoben láti nǹkan bí igba ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé òkúta tí àlejò ń wò níbẹ̀ lónìí, nǹkan bí ọdún 700 lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, igbó sì bò ó. Ọdún 1972 ni awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Peter Harrison, ya àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀. Ọdún 2002 ni ìjọba ṣí i fún àlejò. Bí o bá débẹ̀, wàá rí tẹ́ńpìlì tí wọ́n fi òkúta tò ní ìpele ìpele, wàá rí ọ̀pẹ tí imọ̀ rẹ̀ gùn ju ènìyàn lọ fíìfíì, wàá sì rí ibi tí ọ̀dà pupa tí àwọn Maya fi kun ògiri ṣì ti hàn díẹ̀ lára òkúta. Ọ̀dà yẹn ti wà níbẹ̀ kí baba ńlá baba ńlá rẹ tó dáyé. Bí bọ́ọ̀sì bá fi wákàtí kan pẹ́, tàbí kó fi odindi ọjọ́ kan pẹ́, ibẹ̀ ni yóò bá a.

Bí o bá sọ fún àwọn ará rẹ pé o fẹ́ lọ wo ahoro Maya, àtẹ̀gùn ni wọn á kọ́kọ́ kìlọ̀ rẹ̀ fún ọ. Wọn kò purọ́. Ní Chichén Itzá, ní ìpínlẹ̀ Yucatán, tẹ́ńpìlì tí wọ́n ń pè ní El Castillo ní àtẹ̀gùn 91 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 30, àtẹ̀gùn náà sì dà gẹ̀rẹ́ gan-an. Gígùn rẹ̀ kì í ṣòro púpọ̀, nítorí òkè ni ojú ń wò. Ìgbà tí ènìyàn bá yíjú padà láti sọ̀ kalẹ̀ ni òòyì á dé. Lọ́dún 2006, ìyá àgbà kan láti Amẹ́ríkà já bọ́ níbẹ̀, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti jẹ́ kí àlejò gùn ún mọ́. Síbẹ̀, lọ́dún 2022, arìnrìn-àjò kan fo okùn tí wọ́n fi dí i kọjá, ó gùn ún dókè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn èrò hó lé e lórí, wọ́n da omi sí i lára. Ó tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àtẹ̀gùn ló pa àwọn èèyàn 12 yìí. Wọn kò tíì rí àtẹ̀gùn kankan.

Ọ̀nà tó jáde láti Mahahual gba àárín igbó lọ sí Cafetal, níbi tó ti pàdé títì ńlá. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè. Títì náà kò fẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló jọ ń lò ó, igbó sì wà lọ́tùn-ún lósì. Irú ọ̀nà báyìí a máa tan awakọ̀ jẹ. Kò rí ohun tó ń dẹ́rù bà á níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa tẹ ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé òun gan-an fura.

Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ìpínlẹ̀ Quintana Roo sọ lẹ́yìn ìwádìí àkọ́kọ́ nìyí: awakọ̀ náà kò fara balẹ̀, eré tó ń sá pọ̀ débi pé apá rẹ̀ kò ká ọkọ̀ mọ́, ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó gbìyànjú láti dá a padà sórí títì, ni bọ́ọ̀sì bá gbókìtì, ó kọlu igi, ó sì balẹ̀ sínú igbó.

Dúró níbí yìí díẹ̀. Ohun méjì ni ọkùnrin náà ṣe, ọ̀kan ló sì bí èkejì. Èkejì ni gbogbo ayé rí: ó dá ọkọ̀ padà, ọkọ̀ yí. Bí táyà kan bá ti bọ́ kúrò lórí ọ̀dà, ohun tó yẹ ni kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀, kó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin, kó jẹ́ kí ọkọ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tó rọra yí i padà sórí títì. Bó bá fà á padà lójijì, bọ́ọ̀sì gíga, tí èrò jókòó sókè nínú rẹ̀, kò ní lè dúró. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti yà, òkè rẹ̀ á ṣì máa lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Ta ló máa rántí gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì? Ọwọ́ ènìyàn á kàn fà á ni. N kò lè dá a lẹ́bi púpọ̀ fún ti ìgbà yẹn.

Èyí tí mo dá a lẹ́bi fún ni àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́ kò ṣẹlẹ̀ lójijì. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ yẹn fi ń sáré ni ààyè wà fún un láti gbé ẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lọ kò ju ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ó yàn láti sáré lọ bá òkúta tó ti dúró fún ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé.

Àwa Yorùbá a máa gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àdúrà rere ni, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n má ṣe fi àdúrà yẹn gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹlẹ́ṣẹ̀. Ebi kò pa ọ̀nà Mahahual láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ wá kàn ọ́, ìwọ tó jókòó sẹ́yìn awakọ̀. N kò sọ pé àwọn tó kú dákẹ́, n kò sì di ẹ̀bi kankan rù wọ́n. Ìwọ ni mò ń bi: tó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá sọ̀rọ̀?

Mo mọ ohun tí o máa ń ṣe nílé. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń sá eré àsápajúdé láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, kì í pẹ́ tí ìyá kan á fi pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Dẹ́rẹ́bà, rọra o! Mo lọ́mọ nílé!” Àwọn tó kù á gbè é lẹ́sẹ̀, dẹ́rẹ́bà á kùn, ṣùgbọ́n á dẹwọ́. Ìyá yẹn kan náà, gbé e wọ bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tí amọ̀nà sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ńṣe ni ẹnu rẹ̀ á wọlé. Ojú ń tì í. Kò gbọ́ èdè. Kò fẹ́ kí àwọn òyìnbó máa wò ó. Á ní àlejò lójú, kò fi ríran, àwọn tó ni ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n. Ó ti sanwó fún ìfọ̀kànbalẹ̀, ó sì rò pé owó yẹn ti bá òun sọ̀rọ̀ tán.

Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ kí o jù sílẹ̀. Owó tí o san kò gba ẹnu rẹ lọ́wọ́ rẹ. Bí ọkọ̀ bá ń fì, tí igi ẹ̀bá ọ̀nà ń sáré kọjá lójú rẹ bí ẹni pé wọ́n ń lé wọn, dìde lọ bá amọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí kí o pè é láti orí ìjókòó rẹ. Amọ̀nà ni kí o bá sọ ọ́, nítorí òun ló gbọ́ èdè awakọ̀, òun náà sì wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ. Bí kò bá sí amọ̀nà nítòsí, “despacio” ni wọ́n ń sọ fún awakọ̀ ní Mẹ́síkò kó lè rọra. Bí àwọn èrò bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in. Bí o bá mú ọmọ lọ́wọ́, ìwọ lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọdé ò lè sọ ọ́.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, wá bẹ́líìtì rẹ. Nínú bọ́ọ̀sì mìíràn, ó máa ń há sí abẹ́ àga, o ní láti ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ kí o tó rí i fà jáde. Fà á jáde, so ó, so ti ọmọ rẹ, sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́ kí òun náà so tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbókìtì, ẹni tí kò so bẹ́líìtì á já lu àwọn tó so ó. Bí bẹ́líìtì kò bá sí lórí àga rẹ, béèrè àga mìíràn. Bí kò bá sí nínú ọkọ̀ rárá, sọ̀ kalẹ̀, kí o sì lọ béèrè owó rẹ. Bí amọ̀nà bá dúró síwájú, tó kọ ẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà, tó ń sọ ìtàn àwọn ọba Maya fún yín nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, bẹ̀ ẹ́ kó jókòó kó máa sọ ọ́.

Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo dá ọkọ̀ háyà láti èbúté, má jẹ̀ẹ́ kí aago ọkọ̀ ojú omi di pàṣán lẹ́yìn awakọ̀. Béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ń ṣí, kí o yọ wákàtí méjì kúrò nínú rẹ̀, kí o sì sọ fún awakọ̀ pé aago yẹn lo fẹ́ dé èbúté. Bí àkókò tó kù kò bá wá tó láti rìn yí gbogbo ahoro ká, ẹ wo tẹ́ńpìlì kan péré, kí ẹ máa padà bọ̀.