Ọwọ́ Tó Ń Fúnni Gbọ́dọ̀ Mọ́

Ó ti di àṣà láàárín àwa onígbàgbọ́ pé ká pín ara wa sí ọ̀nà méjì. A ó ní, "Bàbá yẹn láàánú o, àmọ́ ẹ má wo ti ìwà rẹ̀." A ó tún yíjú sí ẹlòmíràn, a ó ní, "Ìyá yìí ò lábùkù rárá, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn há." À ń sọ ọ́ bí ẹni pé èèyàn lè mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀, tí Ọlọ́run yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà pé ó ṣeé pín. Àpọ́sítélì Jákọ́bù kò pín in: nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, orí 1 ẹsẹ 27, ló ti so ìtọ́jú opó àti ọmọ òrukàn mọ́ ìwà tí ayé kò rí bà jẹ́. Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ àánú jẹ́ kí n mọ̀ pé bí a bá yọ ọ̀kan, èkejì yóò bàjẹ́.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, opó sì ni èmi náà. Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì ni mo ń bá ṣe nínú ìjọ Áńgílíkà wa n'Ìbàdàn. Obìnrin ará Jọ́pà tí ìtàn rẹ̀ wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9 la fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Nígbà tó kú, àwọn opó yí Pétérù ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń na ẹ̀wù tó rán fún wọn sí i kó wò ó. Kò sẹ́ni tó dìde ka oríkì rẹ̀. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ló jẹ́rìí fún un.

Ẹni tí kò tíì ṣe opó rí lè rò pé ọjọ́ ìsìnkú ló le jù. Rárá o. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ilé kún, ìkòkò wà lórí iná, gbogbo ẹbí ló ń kí "ẹ kú ìrọ́jú". Ìgbà tí wọ́n bá ká kánópì kúrò lójúde ni ìpọ́njú ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ọkọ á ti ti yàrá pa, onílé á máa béèrè owó ilé, wọ́n á lé ọmọ wálé láti ilé-ìwé nítorí owó tí a kò tíì san. Nírú àkókò yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe oore fún obìnrin náà ti di alágbára lórí rẹ̀. Bó bá ní kó wá, yóò wá. Bó bá ní kó dúró, yóò dúró. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ àánú.

Mo mọ opó kan tí ọkùnrin kan gba owó ilé-ìwé ọmọbìnrin rẹ̀ san. Gbogbo wa la yin ọkùnrin náà. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá gba owó, kó sì máa wá lálẹ́. Ìyá kọ̀, owó sì dáwọ́ dúró. Tìtìjú-tìtìjú ló fi wá sọ́dọ̀ wa, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Gbogbo rìsíìtì tí ọkùnrin yẹn gbà ló pé pérépéré, kò sí ayédèrú nínú wọn. Ṣùgbọ́n àánú kọ́ ló ń ṣe. Owó orí ọmọ ọlọ́mọ ló ń san díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ìyá ọmọ mọ̀.

Ìjọ àkọ́kọ́ mọ ewu yìí. Nígbà tí àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn ní Jerúsálẹ́mù pé wọ́n ń fo àwọn níbi ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, àwọn àpọ́sítélì ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje. Wọn ò wá olówó. Ẹni tí àwọn ará jẹ́rìí rere sí, tí Ẹ̀mí àti ọgbọ́n kún inú rẹ̀, ni wọ́n wá kí wọ́n tó fa tábìlì oúnjẹ lé e lọ́wọ́. Nínú Tímótì Kìíní orí 5 pẹ̀lú, kí ọ̀rọ̀ tó kan opó ni Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún Tímótì pé kó mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin bí àbúrò, nínú ìwà mímọ́ gbogbo. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa fi lófin: méjì-méjì là ń lọ sílé opó, ọ̀sán la sì ń lọ. Ọkùnrin kì í dá lọ. A kì í ka orúkọ ẹni tó gba nǹkan lórí pẹpẹ, a kì í sì ya fọ́tò. Àwọn baba wa ní a kì í ṣoore ká lóṣòó tì í. Ẹni tó ya opó pẹ̀lú àpò ìrẹsì, tó gbé e sórí Facebook, ti lóṣòó ti oore rẹ̀, iyì obìnrin náà ló sì gbà dípò owó.

Ìwà mímọ́ kò sì mọ sórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Ibi tí owó àánú ti wá ńkọ́? Bí ẹni tó ń ta gààrí bá fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, tó bá di òpin ọdún tó wá fi àpò gààrí ta ìjọ lọ́rẹ, ohun ìní àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń fún wa. Ẹ wo Sákéù nínú Lúùkù orí 19. Ọ̀nà méjì ló pín owó rẹ̀ sí: ìdajì fún tálákà, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó bá ti rẹ́ jẹ. Kò fi gbèsè ṣe ìtọrẹ àánú. Ọ̀gá tó jẹ ọmọ iṣẹ́ lówó, tó wá ń pín ìrẹsì fún aláìní, kò tíì bẹ̀rẹ̀ àánú.

Ní ìdà kejì, àwọn ará wa kan wà tí wọn kì í mu, tí wọn kì í jó, tí ààwẹ̀ wọn kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọbìnrin kan nínú ìjọ bá lóyún sílé, wọn ò ní gba ojúlé ọmọ náà kọjá kí àbàwọ́n má baà ràn wọ́n. Aṣọ funfun tí a tì mọ́ àpótí fún ọdún gbọọrọ ni irú ìwà mímọ́ yẹn: kò kan ẹrẹ̀, síbẹ̀ ó ti pọ́n. Nínú Máàkù orí 1, Jésù na ọwọ́ kan adẹ́tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ kò ran Jésù. Ìmọ́tótó Jésù ló wọ ara adẹ́tẹ̀. Àpẹẹrẹ wa nìyẹn.

N'Ìbàdàn níhìn-ín, a ní ẹni tó gbé e bẹ́ẹ̀. Míṣọ́nnárì ni Anna Hinderer. Ó bá ọkọ rẹ̀ David dé Kúdẹtì ní 1853, ó sì kó àwọn ọmọ jọ sínú ilé rẹ̀, ó ń tọ́ wọn, ó ń kọ́ wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó àti ẹrù kò wọlé mọ́. Wọ́n ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ, síbẹ̀ Anna kò lé àwọn ọmọ náà lọ. Àìlera ló mú un kúrò n'Ìbàdàn ní 1869, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lára àwọn tó gbé nílé yẹn ni Daniel Olúbí, tó di àlùfáà, tó sì bójú tó ìjọ ibẹ̀ lẹ́yìn wọn. Olúbí rí bí àwọn tọkọtaya yẹn ṣe ń gbé nínú ilé. Ká ní ìwà ibẹ̀ kò bá ìwàásù mu, ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tirẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ ṣàánú lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ san owó ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ wá mú ẹnì kan dání, kí ẹ lọ kí opó tó wà ládùúgbò yín lójú ọ̀sán, kí ẹ bi í léèrè ohun tó nílò, kí ẹ ṣe ìwọ̀n tí agbára yín mọ, kí ẹ sì padà sílé láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, ìyìn pàápàá.