Labalábá Inú Fíríìjì

Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Àǹtí Rónkẹ́, tó fi 30 ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí kó tó fẹ̀yìn tì, jókòó lábẹ́ igi ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé. Bọ́lájí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá a. Báńkì ni Bọ́lájí ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀, fọ́tò kòkòrò ló máa ń yà. Ìdíje fọ́tò labalábá kan wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò fi fọ́tò yíyà jẹun. Aago 12 òru ni wọn kò ní gba fọ́tò mọ́.

BỌ́LÁJÍ: Àǹtí, ẹ bá mi wo eléyìí kí n tó fi ránṣẹ́.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Háà! Labalábá orí ọsàn nìyí. Wo àmì pupa àti búlúù tó wà ní ìdí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìpẹ́ wínníwínní tó bo ìyẹ́ náà, mo lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka páànù òrùlé. Báwo lo ṣe rí i yà? Èyí kì í fara balẹ̀. Bó bá ń mu omi òdòdó pàápàá, ìyẹ́ rẹ̀ kì í yéé gbọ̀n.

BỌ́LÁJÍ: Fọ́tò kan ṣoṣo kọ́ ni, Àǹtí. 38 ni mo pa pọ̀. Bí lẹ́ǹsì bá súnmọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ibi tó máa ń hàn kedere kì í ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Bí ojú bá hàn, ìyẹ́ á rí bàìbàì. Ńṣe lèèyàn á ya ọ̀kan, á sún kámẹ́rà síwájú díẹ̀, á tún ya òmíràn. Kọ̀ǹpútà á wá ṣa ibi tó hàn kedere nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á so wọ́n pọ̀.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Labalábá yẹn wá dúró jẹ́ẹ́ fún ọ títí o fi ya 38?

BỌ́LÁJÍ (ó dákẹ́ díẹ̀): Mo fi í sínú fíríìjì, Àǹtí. Ìṣẹ́jú 10 péré, nínú ike tí mo lu ihò sí. Nígbà tí mo gbé e jáde, mo fi í lé orí òdòdó, mo sì yà á tán kí ara rẹ̀ tó yá. Ó fò lọ lẹ́yìn náà. Kò kú o.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Mo gbọ́. Ṣé òfin ìdíje yín gbà bẹ́ẹ̀?

BỌ́LÁJÍ: Wọn ò dárúkọ fíríìjì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí labalábá wà láàyè, kó má sì sí nínú àhámọ́. Ó wà láàyè. Nígbà tí mo yà á, mi ò fi ohunkóhun dè é.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Òtútù lo fi dè é. Ara èmi àti ìwọ máa ń dá ooru tirẹ̀. Ti labalábá kò rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ oòrùn ló ti ń yá ooru. Ìdí tó fi máa ń tẹ́ ìyẹ́ láàárọ̀ bí aṣọ tí a sá nìyẹn. Bí ara rẹ̀ kò bá tíì gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára káká ni yóò fi fò. Inú fíríìjì kì í ju nǹkan bí ìwọ̀n 4 lọ. Ọyẹ́ tó mú jù lọ nílùú yìí kò súnmọ́ ọn, nítorí náà, kò sí ohun tó múra ẹ̀dá yẹn sílẹ̀ de irú òtútù bẹ́ẹ̀. Kò sùn, Bọ́lájí. Ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Bí alángbá bá yọ sí i lásìkò yẹn, kò ní lè sá.

BỌ́LÁJÍ: Alángbá kankan kò yọ sí i, Àǹtí, mo wà níbẹ̀. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bàbá tó ni oko ọsàn òdìkejì yẹn fín oògùn sí igi rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ labalábá kan náà yìí, tó ń jẹ ewé ọsàn, ló ń pa. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní ìkà. Ẹ̀yin náà pa adìẹ lánàá. Èyí tí mo mú fò lọ láàyè, ẹ wá ń wò mí bí ẹni tó jalè.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání lo sọ, mi ò sì ní fi àgbà gbà á lẹ́nu rẹ. Bàbá ọlọ́sàn ń du oúnjẹ ọmọ rẹ̀ mọ́ kòkòrò lọ́wọ́. Èmi pa adìẹ nítorí ọbẹ̀. Bí wọ́n bá bi wá léèrè, ìdí tí a máa sọ tóó gbé ohun tí a ṣe. Ìwọ ńkọ́, kí ni ìdí tìrẹ?

BỌ́LÁJÍ: Kí àwọn èèyàn lè rí i ni. Ẹni tí kò bá rí nǹkan dáadáa kò lè fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó bá rí ojú labalábá báyìí, bóyá kò ní já ìyẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Ṣebí ohun tí ẹ fi gbogbo iṣẹ́ yín kọ́ wa nìyẹn?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Òun náà ni, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí. Bàbá ọlọ́sàn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ràn labalábá. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn nǹkan, ìbéèrè tí a máa bi í yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni labalábá ní láti lò lẹ́yìn tó bá ti hu ìyẹ́. Nínú èyí ló ti máa wá ẹnì kejì, nínú rẹ̀ ló ti máa yé ẹyin. O gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bó ṣe máa sọ fún ọ pé ó dùn ún tàbí kò dùn ún.

BỌ́LÁJÍ: Ẹ̀yin náà kan labalábá mọ́ páálí nílé ẹ̀kọ́, Àǹtí. Mo rántí àwọn àpótí onígíláàsì yẹn. Abẹ́rẹ́ wà láàárín ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́ (ó mí kanlẹ̀): Òótọ́ ni. Orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí mo ti mú wọn wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọmọ tó rò pé wọ́n wà láàyè. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn wẹ ara mi mọ́. Àpótí kan ti tó láti kọ́ àwọn ọmọ. Mẹ́ta ni mo ṣe, nítorí ó wù mí kí tiwa pọ̀ ju ti ilé ẹ̀kọ́ kejì lọ. Ìdíje ni èmi náà ń bá kiri nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò pè mí sí i. Mo mọ ojú ọ̀nà tí o dúró sí yìí, Bọ́lájí. Mo ti gbà á kọjá rí.

BỌ́LÁJÍ: Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Èmi náà á sọ tèmi: mo gbà pé mo fi ìyà ìṣẹ́jú 10 jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan rí ọ̀nà tí òtútù náà kò fi ní ṣe é ní nǹkan kan rárá, ṣé ọ̀ràn ti tán nìyẹn?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Kò tíì tán. Bí adájọ́ bá rí fọ́tò yìí, báwo ló máa rò pé o ṣe yà á?

BỌ́LÁJÍ: Á rò pé mo jí ní ìdájí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yà dáadáa, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ibi tí labalábá sùn sí. Wọ́n á padà síbẹ̀ kí oòrùn tó yọ, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, tí kò sì tíì lè fò. Àǹtí, òtútù náà ni wọ́n ń lò! Ti ìdájí ni o, ti fíríìjì ni o, labalábá kò lè fò. Kí ló dé tí tiwọn fi jẹ́ ọgbọ́n, tí tèmi wá di ẹ̀tàn?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Òtútù ìdájí, ti labalábá ni. Ó ti ń sùn nínú rẹ̀ kí a tó bí kámẹ́rà. Òun ló yan ewé tó sá sábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀tá kò ti ní tètè rí i. Ẹni tó lọ ní ìdájí ló lọ bá a nílé. Ìwọ, ńṣe lo ní kí wọ́n mú un wá bá ọ. Fọ́tò ẹ̀dá igbó, ẹ̀rí jíjẹ́ ni. Ohun tó ń sọ ni pé: mo lọ, mo rí i, bí mo ṣe bá a nìyí. O kò bá a bẹ́ẹ̀.

BỌ́LÁJÍ: Ẹ̀tàn ní ìwọ̀n tirẹ̀, Àǹtí. Ìdíje ńlá kan wà tí Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe, Wildlife Photographer of the Year. Ó ti pẹ́ tó ti wà. Fọ́tò tó gba ipò kìíní ní 2009 ni ti ìkookò tó ń fo géètì ọgbà ẹran lóru. Ní oṣù kìíní 2010, wọ́n gba oyè náà padà, torí àwọn adájọ́ gbà pé ìkookò tí èèyàn ti sìn ni. Ní 2018, wọ́n tún gba oyè lọ́wọ́ fọ́tò kan tí wọ́n fún ní 2017, ti ẹranko ajẹkán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ikán ní Brazil. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní òkú ẹran tí wọ́n ki nǹkan sínú awọ rẹ̀ ni. Àwọn tó yà wọ́n sọ pé àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo tèmi: kì í ṣe ẹran ọ̀sìn, kì í ṣe òkú.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ta ló ní ó burú kéèyàn ya ẹran ọ̀sìn? Ta ló ní kéèyàn má ya òkú ẹran inú àpótí? Bó bá jẹ́ bí àwọn adájọ́ ṣe rí i ló rí, ohun tó burú ni pé a pe ẹran ọ̀sìn ní ẹran igbó, a pe òkú ní alààyè. Ìwọ náà fẹ́ pe fíríìjì ní ìdájí.

BỌ́LÁJÍ: Labalábá gan-an ń parọ́! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Danaus chrysippus, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé bọmubọmu, korò. Ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ á bì. Abo Hypolimnas misippus kò korò, àmọ́ ó wọ aṣọ ẹlòmíràn: ìyẹ́ aláwọ̀ ọsàn pípọ́n, etí rẹ̀ dúdú, àmì funfun wà níbẹ̀. Akọ tirẹ̀ dúdú, kò fi ibì kankan jọ ọ́. Bí ẹ̀dá fúnra rẹ̀ bá ń yá aṣọ wọ̀, kí ló burú nínú tèmi?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́ (inú rẹ̀ dùn): O rántí! Ó dáa, ta ni abo yẹn ń tàn jẹ?

BỌ́LÁJÍ: Ẹyẹ.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ẹyẹ tó fẹ́ pa á jẹ. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń lé ọ? Àwọn tó máa wo fọ́tò rẹ kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Àwọn tí ẹ jọ ń díje, akọ̀wé ni wọ́n, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, tí wọ́n jí láago márùn-ún ní ọjọ́ ìsinmi wọn, tí ìrì rẹ ṣòkòtò wọn títí dé orúnkún. Àwọn ni irọ́ yẹn máa bọ́ lù.

BỌ́LÁJÍ (ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀): Mi ò ro tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ẹyọ kan sí i. Ká ní mo mú ọmọ labalábá lórí ọsàn yìí, mo fi àwọ̀n bò ó, mo ń fún un ní ewé, mo wá yà á lọ́jọ́ tó hu ìyẹ́. Ìyẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù lọ́jọ́ náà, kò ní lè fò títí ìyẹ́ náà á fi gbẹ. Ṣé ẹ̀tàn nìyẹn náà?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: O dáàbò bò ó, o sì tú u sílẹ̀. Kò burú, bí o bá lè kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ìwọ lo tọ́ ọ. Bóyá ìdíje yẹn gbà á, bóyá kò gbà á, àwọn tó ni ín ló máa sọ.

BỌ́LÁJÍ: Royal Photographic Society ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé àlàáfíà ẹ̀dá ju fọ́tò lọ. Mo ti kà á. Mo ń sọ fún ara mi pé ìṣẹ́jú 10 kò tó nǹkan.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Bí kò bá tó nǹkan, kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí o sì fi ránṣẹ́. Ohun tí kò tó nǹkan kì í ṣòro sọ.

(Bọ́lájí tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà: "Labalábá orí ọsàn, Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 nínú fíríìjì." Ó kà á sókè. Ó tún kà á. Ó pa á rẹ́.)

BỌ́LÁJÍ: Mi ò lè fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì lè fi ránṣẹ́ láìkọ ọ́ mọ́. Aago 10 ti kọjá, Àǹtí. Mi ò ní òmíràn.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: O kò ní òmíràn, àbí o kò ní òmíràn tó dán?

BỌ́LÁJÍ: Ẹyọ kan wà. Labalábá bọmubọmu ni, lẹ́yìn gáà àwọn Fúlàní, níbi tí wọ́n ti ń fi oje rẹ̀ mú wàrà dì. Ìdájí ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ ti ya. Mo fẹ́ pa á rẹ́ ni. Ẹ wò ó.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́ (ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra): Pa á rẹ́ kẹ̀? Wo bó ṣe ya. Ìyẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, ibì kan náà ló ti já, bí ìgbà tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó gé e. Ó jọ ẹnu ẹyẹ. Ẹyẹ ti gbá a mú nígbà tó pa ìyẹ́ pọ̀, ó tọ́ ọ wò, ó korò, ó tu ú dànù. Oró bọmubọmu tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ròyìn fún mi nìyí, wọ́n kọ ọ́ sára ìyẹ́ rẹ̀.

BỌ́LÁJÍ: Mo rò pé ẹ̀gún ló ya á. Ṣebí wọ́n ní labalábá tó bá dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ó lè jẹ́ ẹ̀gún. Èmi rò pé ẹyẹ ni. Èyí tó dá mi lójú ni pé aṣọ rẹ̀ ya, ó sì tún rí ibi sùn sí, ìwọ sì bá a níbẹ̀.

BỌ́LÁJÍ: Etí ìyẹ́ rẹ̀ kò mọ́ tó ti èkejì. Mi ò rò pé ó lè gba ipò kankan.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ó lè má gbà á. Kí lo máa kọ sábẹ́ rẹ̀?

BỌ́LÁJÍ (ó ń tẹ̀ ẹ́, kò dúró): "Labalábá orí bọmubọmu, Ògbómọ̀ṣọ́, kí oòrùn tó yọ. Bí mo ṣe bá a nìyí. Mi ò fọwọ́ kàn án."