Owó Ìjọba Nílé Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Aládàáni: Àmánà Ta Ni?



Ọmọbìnrin kan tó kàwé lọ́dọ̀ mi nílé kéwú wá bá mi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọdún méjì ló fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan, ìyá rẹ̀ tí ń ta èlùbọ́ ló sì ń san owó náà díẹ̀díẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà wuyì lójú, òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó ti lọ wáṣẹ́, wọ́n bi í pé ìgbìmọ̀ wo ló mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò sí. Wọ́n ní kó jókòó kó tẹ lẹ́tà kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí ẹ̀rọ mẹ́ta péré ni ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ń pín lò, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò sì sí iná. Ó ní, "Alfa, ta ni kí n lọ fẹjọ́ sùn?" N kò rí èsì fún un.

Ọ̀rọ̀ náà tún padà sí mi lọ́kàn ní ọdún 2025, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yóò máa fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní 22,500 náírà lóṣooṣù, àti pé òun yóò san owó ìkọ́ni fún àwọn ibùdó ìkọ́ṣẹ́ tó bá gba ìfọwọ́sí. Nǹkan tuntun ni èyí. Owó TETFund tí òfin ọdún 2011 ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé-ìwé gíga ìjọba nìkan ló wà fún. Ìgbìmọ̀ NBTE tó wà ní Kàdúná ti ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ aládàáni láṣẹ láti nǹkan bí ọdún 2007, ṣùgbọ́n àṣẹ lásán ni, owó kò bá a rìn.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí owó gbogbo ìlú bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti fi wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀? Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo máa ń dáhùn. Mo ní ẹni tó bá ṣí ìsọ̀, kó fi owó ara rẹ̀ tajà. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá elélùbọ́ yẹn ń san owó ìsọ̀ fún kánsù, ó ń san owó orí lára ọ̀pọ̀ ohun tó ń rà, ọmọ rẹ̀ kò sì ráyè nílé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba nítorí wọn kò pọ̀ tó. Tí ìjọba bá san owó ọmọ náà níbòmíràn, owó ọmọ náà ni, kì í ṣe ti onílé-ẹ̀kọ́. Onílé-ẹ̀kọ́ kàn ń bá a dì í mú ni. Àmánà ni. Ẹni tó bá sì di nǹkan onínǹkan mú kò gbọdọ̀ fajú ro nígbà tí wọ́n bá ní kó mú un jáde kí àwọ́n rí i.

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa á ní owó ìjọba ni ìjọba ń fi í gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn. Wọ́n rántí pé ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ìwé àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì àti ti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí, títí tí ìpínlẹ̀ Èkó fi dá díẹ̀ padà fún àwọn tó ni wọ́n ní 2001. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n gbígba ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí yíyẹ̀ ẹ́ wò. Láti ayé òyìnbó amúnisìn, láti ìgbà òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 àti 1887, ni owó ìrànwọ́ àti olùbẹ̀wò ti jọ ń wọ ilé-ìwé Èkó.

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti sanwó láìwo ibi tó ń lọ. Ní 1944, wọ́n ṣòfin pé ìjọba yóò san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn sójà tó ti ogun bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ aládàáni hù káàkiri bí olú, ọ̀pọ̀ kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìgbà tó di 1952, òfin mìíràn ní ó kéré tán 15 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìjọba kò san owó fún. Síbẹ̀ ó tún ṣẹlẹ̀. Corinthian Colleges, tó ń kọ́ni níṣẹ́ ìrànwọ́ dókítà, iṣẹ́ mẹ́káníìkì àti irú wọn, wó ní 2015. Ní 2022, ìjọba fagi lé gbèsè 560,000 akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 5.8 dọ́là. Ó ní ẹgbẹ́ tó ń jẹ́rìí sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, ACICS. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ACICS ń yẹ̀ wò ló ń sanwó fún un.

Ẹ má rẹ́rìn-ín Amẹ́ríkà. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ télọ̀, èmi ń kọ́ wọn ní Lárúbáwá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a gbọ́ pé ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀, a lọ yá máṣíìnì ìránṣọ lọ́wọ́ àwọn télọ̀ àdúgbò. Èmi gan-an fi orí mi ru ọ̀kan. Àwọn ìsípẹ́kítọ̀ ka máṣíìnì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n gba owó mọ́tò, wọ́n lọ. Kí ó tó di Mọ́gàríbì, àwọn télọ̀ ti wá kó máṣíìnì wọn. Alfa ni mí, n kò sì sọ nǹkan kan.

Ó wà nínú hadiisi tí Muslim gbà wá pé Ànábì wa (SAW) kọjá níbi tí ẹnì kan kó oúnjẹ tó ń tà jọ sí, ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ọ̀rinrin kan ìka rẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Ojú òkìtì ni àwọn ìsípẹ́kítọ̀ wa wò. Ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó wá àwọn tó ti ṣe fíríìdọ̀mù rí, kó kó aṣọ fún wọn kó ní kí wọ́n gé bùbá. Kí ìjọba dá apá kan owó náà dúró títí ìgbà náà. Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ àti ti àwọn mẹ́káníìkì máa ń wà níbi fíríìdọ̀mù láti jẹ́rìí. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n wà níbi ìdánwò náà?

Ní ti ìrẹsì àti owó mọ́tò, ẹ rántí ẹni tí Ànábì rán lọ gba sàká, tó dé tó ní apá kan jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Orí mínbárì ni Ànábì ti bá a wí, pé ká ní ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ló jókòó sí, ṣé ẹ̀bùn náà ì bá wá bá a níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa náà fẹ́ ṣí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí, a ó sì kọ̀wé béèrè owó ìjọba. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ̀wé, mo fẹ́ kí a lẹ iye tí a gbà àti iye tí a ná mọ́ ògiri mọ́sálásí lóṣooṣù, kí àwọn ìyá àwọn ọmọ lè kà á, ẹni tí kò bá sì lè kà, kí a kà á fún un lẹ́yìn Jímọ̀.

Ọmọbìnrin yẹn ti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ́dọ̀ télọ̀ kan lẹ́yìn ọjà. Ìyá rẹ̀ ló ṣì ń sanwó.