Ta Ló Lè Wọ Ilé Òrìṣà?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ayé òde òní ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí a kò lè yẹra fún mọ́. Ta ni òrìṣà wà fún? Bí ẹnikẹ́ni bá lè wọlé, ẹrù wo ni ó gbọ́dọ̀ bá wa gbé?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ń gbé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láì fi Ọlọ́run sílẹ̀. Wọ́n á ní, "A kò ṣe ẹ̀sìn kankan mọ́, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹ̀mí ń bẹ." Wọ́n ń ṣe àṣàrò bíi ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, wọ́n ń sun ewé olóòórùn dídùn, wọ́n ń tẹ́ káàdì láti fi wo ọjọ́ ọ̀la, wọ́n sì ń wá Ọ̀ṣun kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ń wá dára: ọ̀nà tó gba gbogbo ènìyàn, tí kò béèrè àwọ̀ tàbí ẹ̀yà, tí kò sì béèrè irú ẹni tí èèyàn ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìjọ wọn ti lé jáde rí. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí irú wọn bá kan ilẹ̀kùn wa, ìdáhùn méjì ni a máa ń gbọ́ láàárín ara wa. Àwọn kan ní, "Ti ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tí kì í bá ṣe adúláwọ̀, kó padà sílé rẹ̀." Àwọn mìíràn ní, "Ẹ jẹ́ kí kálukú mú èyí tó bá wù ú. Kò sẹ́ni tó ni òrìṣà." Lójú tiwa, ìdáhùn méjèèjì kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, nítorí kì í ṣe ìkà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ìrántí ni. Ní Bahia, títí di ọdún 1976, ilé Candomblé gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lùlù fún òrìṣà. Ní Rio de Janeiro, àwọn ohun mímọ́ tí ọlọ́pàá fi ipá kó nínú ilé òrìṣà wà lọ́wọ́ wọn títí di ọdún 2020, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Museu da República. Ní Amẹ́ríkà níbí, ìlú Hialeah ní Florida ṣe òfin lọ́dún 1987 láti fi dènà ẹbọ ẹran wa. Ọdún 1993 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fagi lé òfin náà. Ẹni tó bá rántí gbogbo èyí, tó wá rí ìlẹ̀kẹ̀ Yemọja lọ́rùn ẹni tó kàn rà á lọ́jà nítorí ẹwà rẹ̀, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. A kò lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n ìrántí kan náà ló tako ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ẹrú kì í ṣe ará ìlú kan ṣoṣo. Ní Bahia, Nàgó, Jèjè àti Àngólà pàdé. Ní Kúbà, Lùkùmí, Àrárá àti Kóńgò pàdé. Wọ́n gba ara wọn sílé, wọ́n sì kọ́ orin ara wọn. Oba Efuntola Oseijeman Adefunmi, tó dá abúlé Oyotunji sílẹ̀ ní South Carolina lọ́dún 1970, Detroit ni wọ́n ti bí i. Matanzas ní Kúbà ló ti lọ gba òrìṣà lọ́dún 1959. Ọmọ ilẹ̀ mìíràn, elédè mìíràn, ló jẹ́ lójú àwọn tó gbà á. Susanne Wenger, ọmọ Austria, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950. Ó di olórìṣà, ó sì bá àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Ẹ̀kọ́ wa gan-an kò ta ko èyí. Ọ̀dọ̀ Àjàlá ni kálukú ti yan orí, orí kò sì ní àwọ̀. Odù 256 tó wà fún ọmọ onílé, òun náà ló wà fún àlejò.

Ìtàn Ọ̀ṣẹ́tùá tún là á yé wa. Àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin mẹ́rìndínlógún dé ayé, wọn kò ka Ọ̀ṣun sí nínú ìpàdé wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ló dàrú. Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ Olódùmarè, ó bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún wọn, ó sì ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà ló lọ bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe Ọ̀ṣun. Ìtàn náà kò ní kí a ṣàánú ẹni tí a tì sẹ́yìn. Ó ní iṣẹ́ wa kò ní yọrí láìsí i. Kí ilé tó ní obìnrin kò lè tẹ Ifá àti ilé tó ní ìyánífá jọ jókòó ro èyí.

Ẹ jẹ́ kí a wá yíjú sí ìdáhùn kejì, ti àwọn tó ní kí kálukú mú èyí tó wù ú. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. A fi kún un pé olórí pàápàá kò lè dá orí ara rẹ̀ fá. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló gbé àṣẹ lé wa lórí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì gbé e lé tirẹ̀ lórí. Ní Brazil, ẹni tó bá pé ọdún méje nínú òrìṣà, tó sì ṣe ètùtù ọdún náà, ni wọ́n ń pè ní ebômi. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: "ẹ̀gbọ́n mi" ni. Ọ̀rọ̀ náà la òkun já, ó la oko ẹrú já, kò sọnù, nítorí òun ló sọ ohun tí ilé òrìṣà jẹ́: ibi tí èèyàn ti ń di àbúrò ẹnìkan kó tó di ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn. Ohun tí ọ̀nà tuntun yẹn kò tíì ní nìyí. Ó fẹ́ràn gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò ní àgbà tó lè sọ fún un pé, "Rárá, má ṣe bẹ́ẹ̀." Kò sì ní àbúrò tí yóò gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ àìsàn.

Ẹ wo ìjúbà wa. Kí a tó da obì, a máa ń dárúkọ àwọn òkú ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó pa òrìṣà mọ́ nínú oko ìrèké. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wa wà. Òyìnbó tó bá wà nínú ilé wa ń pe ẹrú ní baba ńlá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó bí baba rẹ̀ ló ra irú ẹrú bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú orúkọ náà, kó forí balẹ̀, kó má sì sá. Àwa adúláwọ̀ inú ilé ní tiwa láti gbé pẹ̀lú: kí a má fi ìyà tí àwọn òkú wa jẹ ṣe owó ibodè tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni à ń béèrè, kì í sì í ṣe pé ó wù ọ́ nìkan. Orúkọ ta ni o ti ṣetán láti máa pè? Gbèsè ta ni o ti ṣetán láti bá wa san?

Ní ilé wa, a kì í lé àlejò, a kì í sì í sáré fún un ní ìlẹ̀kẹ̀. Ilé ìdáná ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò tu ìyẹ́ adìẹ, yóò fọ abọ́, yóò kọ́ orin pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, yóò mọ orúkọ àwọn àgbà. Ẹni tó wá wòran yóò ti lọ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tí orí rẹ̀ gbé wá yóò dúró.

Àwa náà ní èèwọ̀ tiwa. A kò gbọ́dọ̀ fi owó ti ilẹ̀kùn. Bí owó ìtẹfá tàbí owó gbígba òrìṣà bá pọ̀ débi pé ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn kò lè san án láéláé, a ti yan ẹni tó lè wọlé nìyẹn, bí a tilẹ̀ ń wí lójoojúmọ́ pé gbogbo ènìyàn ni òrìṣà ń pè.

Kí orí wa má ta kò wá. Kí àwọn tí a ń dárúkọ gbọ́ wa. Kí ẹni tó ń bọ̀ bá wa nílé, kí ó sì bá ilé lórí ìdúró. Àṣẹ.