Akátá, Adìẹ àti Aládìẹ

Àwọn bàbá wa a máa sọ pé kí á kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí á tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí ìwọ òǹkàwé bá tún un wò, ìwọ yóò rí i pé ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹni méjì péré ni a sì dá lẹ́jọ́. A lé akátá, a bá adìẹ wí. Aládìẹ, ẹni tí ó yẹ kí ó ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ ní àṣálẹ́, kò sí ẹni tí ó bi í ní nǹkan kan.

Ǹjẹ́ olè ni akátá? Ẹni tí ó mọ̀ pé ohun tí òun mú jẹ́ ti ẹlòmíràn ni à ń pè ní olè. Akátá kò mọ èyí, bẹ́ẹ̀ ni àwòdì tí ó já láti òkè wá gbé òròmọdìẹ kò mọ̀ ọ́n. Àwa ni a mọ̀.

Wo ẹyẹ kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní emu, tí ó jọ ògòǹgò. Akọ rẹ̀ ni ó ń sàba lé ẹyin fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun, òun náà ni ó sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Ní pápá gbalasa, ó lè sáré tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ìpá rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá sé e mọ́ inú ọgbà nítorí òróró àti ẹran rẹ̀, tí ajá ìgbẹ́ sì wọlé tọ̀ ọ́, níbo ni yóò sá sí? Ẹni tí ó ṣe ọgbà náà ti gba eré ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tí a gé ní ìyẹ́ kò yàtọ̀. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn di gbèsè lọ́rùn wa, ààbò ni a ó sì fi san án.

Àwọn kan rò pé májèlé ni ọ̀nà tí ó yá jù. Wọn a fi í sínú òkú ẹran, wọn a gbé e sẹ́yìn ilé. Mo kórìíra àṣà yìí gidigidi. Ajá aládùúgbò lè jẹ ẹ́. Igún náà yóò jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ igún kì í gbé òròmọdìẹ ẹnikẹ́ni. Májèlé wà lára ohun tí ó sọ igún di ọ̀wọ́n ní Áfíríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ka igún ìlú wa, ní ọdún 2015, mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó súnmọ́ ìparun jù lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà, làálàá ni ó kàn gbà. Àwọn ìyá wa a máa pa òròmọdìẹ láró kí ojú àwòdì má baà tètè dá wọn mọ̀; àgò ni èmi fẹ́ràn jù. Fún àwọn tí ó ti dàgbà, ẹ kọ́ ilé tí ojú wáyà rẹ̀ kéré, kí ẹ sì ri ẹsẹ̀ wáyà náà mọ́lẹ̀, kí ẹranko má baà gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ wọlé. Owó wáyà kò kéré, mo mọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lè fi igi ṣe é. Òru ni akátá ń rìn. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ yìí bá kàn nínú ilé yín, òjò ìbáà máa rọ̀, kí ó ka adìẹ, kí ó sì ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú.