Àlẹ̀mọ́ Titun Lára Ògbólógbòó Ẹ̀wù



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ, bí Àwẹ̀ Ogójì Ọjọ́ ti ń sún mọ́ etílé, wà nínú Ìhìnrere Matteu 9:16, Marku 2:21 àti Luku 5:36. Òwe kúkúrú kan ni Olúwa wa pa níbẹ̀, òwe ẹni tí ó fi aṣọ titun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù. Nítorí kíkúrú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa kà á kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti di abẹ́rẹ́ mú rí yóò mọ̀ pé ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni.

Kò sí ilé tí aṣọ kì í ti í gbó. Èjìká ni ẹ̀wù ẹni tí ń ru ẹrù ti í kọ́kọ́ já. Ìgbọ̀nwọ́ ni ti akọ̀wé. Orúnkún ṣòkòtò ni ti ọmọdé tí ń ṣeré nílẹ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dájú kì í kàn mú ègé aṣọ kan kí wọ́n sì fi bo ihò. Wọn a kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo etí ihò náà tí ó ti rà kúrò, títí wọn yóò fi kan ibi tí aṣọ gbé lágbára. Nítorí bí a bá rán ègé mọ́ ibi tí ó ti rà, òwú kò ní ohun tí yóò dì mú. Wọn a wá ègé tí ìwúwo rẹ̀ bá ti ẹ̀wù náà mu. Bí ó bá jẹ́ titun, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì sá a sí oòrùn. Wọn a gé e kí ó tóbi ju ihò lọ, wọn a ṣẹ́ etí rẹ̀ wọ inú kí ó má baà máa tú. Nígbà náà ni wọn yóò tó rán an yíká.

Èéṣe tí a fi ń fọ ègé titun kí a tó lẹ̀ ẹ́? Nígbà tí a ń hun aṣọ òwú, a ti na àwọn fọ́nrán rẹ̀ le. Ní ọjọ́ tí omi bá kọ́kọ́ kàn wọ́n, wọn a sún padà, aṣọ náà a sì súnkì. Ògbólógbòó ẹ̀wù ti súnkì tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí a bá rán titun tí kò tí ì kan omi mọ́ ọn, yóò dára lójú ní ọjọ́ tí a rán an, àwọn tí ó rí i yóò sì yìn ín. Ọjọ́ ìfọṣọ ni ọ̀ràn yóò dé. Titun yóò fà, ògbólógbòó kò ní agbára mọ́, yóò sì ya ní ẹ̀gbẹ́ ojú rírán gan-an. Ihò tí kò ju kọ́bọ̀ lọ yóò wá tó àtẹ́lẹwọ́. Luku tilẹ̀ fi kún un pé láti ara ẹ̀wù titun ni ẹni náà ti ya ègé tí ó fi lẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ẹ̀wù méjì ni ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Olúwa kò fi ẹ̀wù alálẹ̀mọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Ilé tí a gbé tọ́ ọ kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Ọrẹ ẹyẹ méjì, èyí tí òfin yàn fún tálákà, ni àwọn òbí rẹ̀ mú wá sí tẹ́ńpìlì (Luku 2:24). Ọ̀ràn ààwẹ̀ ni a bi í léèrè. Àwọn tí ó bi í ń wò ó bí olùkọ́ kan tí ó yẹ kí ó bá àṣà wọn mu, bí ègé aṣọ tí a lè fi dí ibi tí ó kù. Ó sì dá wọn lóhùn pé òun kò wá láti jẹ́ àlẹ̀mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ará, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ẹni kan ń fi òṣùwọ̀n èké tajà láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì mú ọrẹ ńlá wá ní ọjọ́ Ìkórè. Àlẹ̀mọ́ ni. Sakeu kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gé etí tí ó ti rà kúrò, ó sì ṣèlérí láti san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí ó bá ti rẹ́ jẹ. Ẹlòmíràn gba Ìrìbọmi, ó sì tún rán ońdè mọ́ abẹ́ ẹ̀wù bí ọdẹ tí ń lọ sí igbó. Kò kọ Kristi, ó kàn fi í kún àwọn ohun tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí àìsàn bá dé, èyí tí í ṣe ọjọ́ ìfọṣọ tirẹ̀, ibẹ̀ ni aṣọ náà yóò ti ya.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ń bẹ tí wọ́n ń jà sí ilẹ̀ baba wọn. Àwọn àgbà ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí ààlà wà, tàbí ẹni tí ó jẹ owó ilẹ̀. Wọ́n bọwọ́, wọ́n sì jọ kúnlẹ̀ níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Nígbà tí òkú mìíràn bá kú nílé, tí a sì fẹ́ pín ogún, ìjà náà yóò ju ti àtijọ́ lọ, yóò sì mú àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú. Nítorí náà ni Olúwa ṣe kọ́ni nínú Matteu 5:23 àti 24 pé kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ná, kí a lọ bá arákùnrin wa làjà.

Ní Ọjọ́rú Eléérú, Joẹli 2:12 dé 17 ni Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 yàn fún wa láti kà ṣáájú Ìhìnrere. Wòlíì náà pàṣẹ pé ọkàn ni kí a fà ya, kì í ṣe aṣọ. Àwa a máa sáré wá ohun tí a ó fi bo ibi tí ó ya. Ọlọ́run ní kí a ya á dé ibi tí ó dúró lórí òtítọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibi ọ̀rọ̀ yìí kẹ́gàn ẹni tí ẹ̀wù ara rẹ̀ ní àlẹ̀mọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni Ebedmeleki ará Etiopia kó fún Jeremiah láti fi sábẹ́ abíyá, kí okùn má baà bó o lára nígbà tí a ń fà á jáde kúrò nínú ihò (Jeremiah 38). Àwọn kan sì wà tí wọn kì í wá sí ìsìn Ìkórè mọ́, nítorí wọn kò ní owó aṣọ tí ẹgbẹ́ dá. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ni èyí, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ka Jakọbu orí kejì.

Ní ìparí, ẹ rántí ọmọ onínàákúnàá. Láti ibi tí ó ti ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ti dìde wá, kò sì ní ohun kan lọ́wọ́ bí kò ṣe ìjẹ́wọ́. Baba rẹ̀ kò béèrè abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ̀wù tí ó dára jù lọ ni ó ní kí a mú wá kí a sì fi wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró nílé láti lẹ ẹ̀wù yín kí ẹ tó wá. Ẹ wá bí ẹ ti wà, ẹ bọ́ ògbólógbòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ń sọ ohun gbogbo di titun, fi aṣọ ìgbàlà wọ̀ wá, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.