Ẹ̀kọ́ Mélòó ni Ó Tọ́ sí Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi? Ìwòye Ìsìláàmù lórí Ọ̀ràn Àwọn Òbí Yorùbá ní Broukro, Bouaké

Gbogbo ẹyìn tí ó pé pérépéré ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní aláìlera, tí Ó sì fi agbára wọ̀ ọ́ lẹ́yìn àìlera náà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Lẹ́yìn èyí:

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí ó ti inú àwọn ìwé ńláńlá bọ̀. Òbí kan ní ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ọmọ náà ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní òwúrọ̀. Òbí wá ń bèèrè pé mélòó ni òun lè fi kún un: kéwú ni, ẹ̀kọ́ àfikún ní èdè Faransé ni, tàbí bọ́ọ̀lù ní òpin ọ̀sẹ̀? Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni èyí, kì í ṣe ti àlùfáà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ náà kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí yóò gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Broukro jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Bouaké, ìlú tí ó tóbi ṣe ìkejì ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ní ilẹ̀ náà, ti pẹ́ níbẹ̀ nídìí òwò. Púpọ̀ nínú wọn tọ orírun wọn lọ sí Èjìgbò, àwọn mìíràn sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Nígbà tí ìjọba Busia sì lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, àwọn kan kọrí sí Côte d'Ivoire dípò kí wọ́n padà sílé. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun kan wà nínú ìtàn Bouaké tí ó yẹ kí á mọ̀ kí á tó dá òbí kankan lẹ́bi. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Bouaké sì di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ títí di ọdún 2011. Àwọn olùkọ́ ìjọba sá lọ, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tì, àwọn tí ó yọ̀ọ̀da ara wọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ibi tí wọ́n bá ti rí àyè. Ọmọ tí ó pé ọdún mẹ́fà nígbà náà ti di bàbá tàbí ìyá ọmọ lónìí. Ẹni tí wọ́n já ìwé gbà mọ́ lọ́wọ́ ní kékeré, bí ó bá ń fi ìwé kún ìwé fún ọmọ tirẹ̀, kò yẹ kí á fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Ohun tí a ń wò ni bóyá èjìká ọmọ ọdún mẹ́rin ni ó yẹ kí ó ru ẹ̀rù náà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni ó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí àgbàlá, Júlà àti Baoulé ni. Ní ilé-ìwé, Faransé ni. Ní ilé-kéwú, Lárúbáwá. Kí òbí rẹ̀ tó san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àfikún kankan, èdè márùn-ún ti ń wọ etí rẹ̀ lójúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí iṣẹ́. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, ilé-kéwú ni. Bí ó bá ti ilé-kéwú dé, olùkọ́ tí ń wá kọ́ni nílé ti jókòó. Ní àlẹ́, oorun ti gbé e lọ kí oúnjẹ tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, kéwú òwúrọ̀, bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yìí kò ṣe aláìgbọràn, kò sì tíì ṣàìsàn. Nítorí náà gbogbo ènìyàn rò pé ó lè gbé e.

Nínú ẹ̀sìn wa, ohun àkọ́kọ́ tí a mọ̀ nípa ọmọ kékeré ni pé a ti gbé kálámù kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi bàlágà, gẹ́gẹ́ bí hadísì tí ó gbajúmọ̀ ti fi hàn. Ìkejì ni èyí tí Abū Dāwūd gbà wá, pé nígbà tí ọmọ bá pé ọdún méje ni kí á tó máa pa á láṣẹ ìrun, kí ó sì tó ọdún mẹ́wàá kí ìbáwí tó wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí á rò ó dáadáa. Ìrun ni òpó ẹ̀sìn. Bí òpó ẹ̀sìn pàápàá bá dúró de ọmọ di ọdún méje, kí ni ẹ̀kọ́ ìṣirò ìrọ̀lẹ́ tí kò lè dúró dè é? Èyí kò túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan kan. Ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nígbà tí a bá ń kírun, ó ń forí balẹ̀ kí á tó forí balẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàrin ohun tí ọmọ ń kọ́ àti ohun tí a kàn nípá fún un.

Nípa eré, Sūratu Yūsuf ní ẹ̀rí tí àwọn oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n Yūsuf ń wá ọ̀nà tí bàbá wọn yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ó jẹ́ kí ó bá àwọn lọ jẹun, kí ó sì ṣeré. Òótọ́ ni pé ẹ̀tàn wà nínú ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo èsì Ànábì Yaʿqūb: ìbànújẹ́ ara rẹ̀ àti ìkookò ni ó mẹ́nu bà; kò sọ pé eré kò yẹ ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ ni hadísì Abū ʿUmayr, àbúrò Anas, ọmọ kékeré tí ó ní ẹyẹ kan tí ó fi ń ṣeré. Ànábì wa a máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ẹyẹ náà ṣe. Ibn al-Qāṣṣ, onímọ̀ kan nínú mádíábù Ṣāfiʿī, kọ odindi ìwé lé hadísì yìí lórí, ó sì yọ ẹ̀kọ́ tí ó ju ọgọ́ta lọ nínú rẹ̀. Eré ọmọdé ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lé.

Àpẹẹrẹ tí ó wù wá jù ni ti Maḥmūd ọmọ al-Rabīʿ, tí ó wà nínú Ṣaḥīḥ al-Bukhārī, ní orí tí ó ń sọ ìgbà tí gbígbọ́ ọmọ kékeré lè di ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ hadísì tọ́ka sí i láti fi ọdún márùn-ún ṣe ìwọ̀n, nítorí pé ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ohun tí ó rántí ṣẹlẹ̀. Kí ni ó rántí? Pé Ànábì bu omi sẹ́nu láti inú korobá kan, ó sì fi tú u lójú. Àwáàdà àgbàlagbà pẹ̀lú ọmọdé ni èyí. Ó dúró sínú ọpọlọ ọmọ náà títí ó fi dàgbà, ó sì di orísun òfin fún àwọn onímọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

A mọ àtakò tí yóò wá. Wọn yóò sọ pé Ìmáàmù Ṣāfiʿī há Alukuránì sórí ní ọmọ ọdún méje, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ti sọ. A gbà. Ṣùgbọ́n Mālik, tí ó jẹ́ olùkọ́ Ṣāfiʿī fúnra rẹ̀, tí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ń tọ mádíábù rẹ̀, ni a gbà wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n bi í nípa ọmọ ọdún méje kan tí ó ti kó Alukuránì jọ tán, kò rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó yẹ. Al-Ṭurṭūṣī mú ọ̀rọ̀ náà wá nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn àdáḿdá. Ìkánjú tí kò ní òye nínú ni wọ́n kórìíra. Al-Ghazālī (ó kú ní 505 H./1111) sọ ọ́ síwájú sí i nínú Iḥyāʾ: bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, kí á jẹ́ kí ó ṣe eré tí ó dára láti fi sinmi làálàá ẹ̀kọ́, bí a bá dí i lọ́wọ́ eré tí a sì ń fi ẹ̀kọ́ há a mọ́ títí, ọkàn rẹ̀ yóò kú, làákàyè rẹ̀ yóò dòpè, yóò sì máa wá ẹ̀tàn tí yóò fi bọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ́ni ní ilé-kéwú mọ ọmọ tí ó ń sọ pé inú ń run òun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Nísinsìnyí, mélòó? Àwọn wákàtí ni kí á kà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílò oorun wákàtí 10 sí 13 láàrin ọ̀sán àti òru, kí ó sì fi ó kéré tán wákàtí 3 lo ara rẹ̀ fún eré àti ìrìn. Bí a bá fi 11 fún oorun, ó ku 13. Bí ilé-ìwé bá gba 6, ó ku 7. Ìwẹ̀, oúnjẹ àti aṣọ wíwọ̀ yóò gba 2, eré, 3. Wákàtí 2 ni ó ṣẹ́kù, nínú èyí ni ọ̀nà tí ó rìn wà, nínú rẹ̀ náà sì ni kí ó ti rí ojú bàbá àti ìyá rẹ̀. A kò rí àyè tí ó ju ti ẹ̀kọ́ kan lọ, ẹ̀kọ́ náà kò sì gbọdọ̀ tó wákàtí kan. Fún ọmọ Mùsùlùmí, a sọ pé kéwú ni kí ẹ̀kọ́ kan náà jẹ́: sūra kúkúrú bí mélòó kan, láti etí dé ẹnu, láìsí ẹgba. Ànábì wa ti jẹ́ kí á mọ̀ pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré. Ẹ̀kọ́ àfikún ní èdè Faransé lè dúró di ọdún mẹ́fà, ọjọ́ orí tí òfin ọdún 2015 ní Côte d'Ivoire fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dandan. Bọ́ọ̀lù wà ní àgbàlá. Yorùbá kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí à ń gba olùkọ́ fún. Kí ìyá pa àlọ́ fún un ní alẹ́, ó tó. Ìjtihād tiwa ni òǹkà yìí. Kò sí ẹsẹ̀ Alukuránì tí ó dárúkọ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá.

Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbí, a kò tíì fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí: jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé ni wọ́n ní kí ó sinmi. Wọn kò sọ pé kí ọmọ sinmi. Ìyá tí ó ń tajà ní Bouaké kì í kúrò lọ́jà kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbì kan, lọ́dọ̀ ẹnì kan. Ní Èjìgbò, ìyá àgbà wà nílé tí yóò gbà á. Ní Broukro, kò sí ìyá àgbà. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ẹ̀kọ́ kan sin òmíràn: a ń ra olùtọ́jú, a sì ń pè é ní ìmọ̀. Àwọn onímọ̀ fikihi Mālik mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó nígbà tí wọ́n ń to àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọmọ, tí wọ́n sì fi ìyá tí ó bí ìyá ṣe ìkejì lẹ́yìn ìyá. Ibi tí òwò bá ti gbé wa jìnnà sí ìyá àgbà, ìjọ ni ó yẹ kí ó dí àyè náà. Àwọn àgbà obìnrin tí ó ti fẹ̀yìn tì lọ́jà wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Yorùbá. Àgbàlá mọ́sáláṣí kì í sì í kún láàrin Àsùrì àti Màgàríbà.

Àwa àlùfáà ní láti gba ọ̀rọ̀ tiwa náà. Bí ọmọ bá ti pọ̀ tó ní ilé-kéwú ni owó ti ń pọ̀ tó, kò sì rọrùn fún wa láti sọ fún bàbá kan pé kí ó dín ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kù. Ibn Saḥnūn (ó kú ní 256 H./870), tí ó kọ ìwé lórí ìwà olùkọ́ ní Qayrawān, fi ààlà sí ọwọ́ olùkọ́: ẹgba mẹ́ta ni òpin ìbáwí láìsí àṣẹ bàbá. Ó tún ka àwọn ọjọ́ ìsinmi fún wọn, ọjọ́ kan fún Ìtúnu Ààwẹ̀, tí kò sì sí láìfí bí ó bá di mẹ́ta. Mẹ́ta fún Iléyá, tí ó lè di márùn-ún. Àwọn baba wa ní ilé-kéwú nílẹ̀ Yorùbá náà a máa fi Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Ilé-kéwú òpin ọ̀sẹ̀ ti òde òní ni ó ń fi ọjọ́ ìsinmi ilé-ìwé ṣe ọjọ́ iṣẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ọjọ́ kankan kò fi ṣẹ́kù fún un.

Ìyá tí kò bá lè ti ọjà bọ̀ kí Àsùrì tó pé lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-kéwú bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kí ó sọ fún àlùfáà pé ìdajì wákàtí ni kéwú rẹ̀; lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tẹ́ ẹní fún un bí oorun bá ń kùn ún, kí ó sì jẹ́ kí ó ṣeré bí kò bá sùn. Owó kan náà ni kí ó máa san.